Mẹ́rìnlá Nínú Ogún

Bàámi kò fún ẹnikẹ́ni ní ogún rí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ní Kétu tiwa, Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń fi Faransé kọ̀wé tí a sì ń fi Yorùbá jà. Nínú ogún ni wọ́n ti ń fúnni ní máàkì lọ́hùn-ún. Bàámi a ní Ọlọ́run ló ni ogún, olùkọ́ ló ni mọ́kàndínlógún, kí àwa yòókù máa du èyí tó kù. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá ti yege. Ẹni tó bá gba méjìlá, ìyá rẹ̀ á se ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ pé Bàámi fún ènìyàn ní mẹ́rìndínlógún, ìyá mi ni wọ́n sì fún un. Kì í ṣe ti ìdánwò. Òjò ló ká àwọn méjèèjì mọ́ oko lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó bí mi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà títí ìyá mi fi kú.

Kò sí ohun tí Bàámi kì í fún ní máàkì. Ọbẹ̀, mẹ́sàn-án. Ìwàásù, méje. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ l'Ékòó, wọ́n wo ẹrù mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní ìgboyà mi, mẹ́tàlá, ìmúra mi, mẹ́rin. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Bí a bá ń sunkún ṣá, à máa ń ríran: mo rí i pé wọ́n ń tú àpò wọn wá bírò.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti wà ní Ìgándò. Síbẹ̀ àárọ̀ mìíràn wà, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí mo máa ń jí tí mi ò ní mọ ibi tí mo wà. Gbogbo òrùlé á ti funfun nínú kùrukùru, ìró jẹnẹrétọ̀ á máa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á wá dà bí ẹni pé ọlọ ìyá mi ni mo ń gbọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo máa ń fi ojú mi sí dídì díẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọlọ. Mo kàn máa ń fẹ́ kí ó jẹ́ ọlọ fún ìṣẹ́jú kan sí i ni.

Kí n tó kúrò nílé, mo rò pé mi ò lọ sókè òkun kankan. Yorùbá ni mo gbọ́, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kí ló tún kù? Ọjọ́ kejì ni ojú mi là. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo wọ̀ sí, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Mo béèrè ara, mo béèrè ọmọ, mo béèrè oko, mo béèrè àwọn tó wà lọ́nà oko. Nígbà tí mo fi gbé orí sókè, wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Àwọn ará ibí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan ń lé bọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ò ní tíì jáde kí Gẹ̀ẹ́sì méjì tó kó sí i láàárín, mi ò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Mo á kàn máa mi orí. Bí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti wá, mo á ní Kétu. Wọ́n á ní, ṣé Kétu Mile 12? Mo á ní rárá, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n á ní áà, Kútọnu! Bí mo ṣe di Àǹtí Kútọnu nìyẹn, èmi tí mi ò tíì dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé mi. Orúkọ náà dùn mí nígbà náà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀wù ẹlòmíràn wọ̀ mí tí wọ́n sì ń yìn mí pé ó bá mi mu.

Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú ọ̀rá, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju Faransé lọ. Mo ti ṣe tíṣà sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́rin nílé. Mo gbé ìwé yìí rìn láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, láti ilé ìwé kan sí òmíràn. Ọ̀gá ilé ìwé kan wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní òǹtẹ̀ rẹ̀ rẹwà púpọ̀, ó sì dá a padà fún mi tìfẹ́tìfẹ́. Ìgbà tó yá, mo gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ọ̀rá. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, mò ń to ọ̀rá omi sínú àpò. Ọwọ́ mi kì í gbẹ. Bí mo bá sùn, mo á lá àlá pé mo wà nísàlẹ̀ odò, tí àwọn ènìyàn mi dúró sí bèbè, tí ẹnu wọn ń ṣí tó ń pa dé, tí mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Bàámi máa ń pè mí. Wọn kì í béèrè bóyá mo ti jẹun. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ mélòó. Mo á ní mẹ́fà, tàbí méje. Mo máa ń gbọ́ ìró bírò wọn lórí ìwé, wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọ̀sẹ̀ mi sí. Lọ́jọ́ kan tí àárò sọ mí púpọ̀, mo parọ́, mo ní mọ́kànlá. Mi ò gbọ́ ìró bírò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn ò gbọ́ mọ́kànlá kankan nínú ohùn mi. Ni mo bá bú sẹ́kún lójú títì, tí àwọn ènìyàn ń yà fún mi bí ẹni yà fún kòtò.

Omi inú ọ̀rá yìí ni mo gbé lọ sí ilé Ọ̀gá Délé, tí mo fi mọ̀ wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Wọ́n háyà yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò wa, wọ́n sì ń ṣe tùtóríà níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ẹni tí nǹkan kò bá yé ní kíláàsì, ọ̀dọ̀ wọn ló ń sá bọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ fún wọn. Mo ní èmi nìyí. Ilẹ̀ tùtóríà gbẹ, ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn.

Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni mo ti bá Ìyá Ṣẹ̀yẹ pàdé. Ó jù mí lọ dáadáa, ọmọ mẹ́ta ló wà nílé rẹ̀. Ó ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ilé ìwé kan, ilé ìwé náà sì ti sọ fún un pé bí kò bá mú ìwé ẹ̀rí wá, kó máa wá iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo ìdánwò rẹ̀ ló ti yege àfi ọ̀kan, ti sáyẹ́ǹsì tí wọ́n máa ń gbé nǹkan síwájú ènìyàn pé kó fọwọ́ tọ́ ọ, kó sọ ohun tó jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà.

Lọ́jọ́ kan, mò ń gbálẹ̀, ó ń kàwé sókè bí ẹni ka Sáàmù: ọkàn ènìyàn ní yàrá mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kà á, àmọ́ àwòrán wà nínú ìwé náà, mo sì mọ ohun tí mo ń wò. Mo bi í pé yàrá wo ni. Ó wo ojú mi, ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi.

Ó ní, "Àǹtí, yàrá tó wà nínú ìwé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé ilé. Ó dùn mí bí ìgbà tí ènìyàn rí ọmọ tí ń lá àwòrán oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá alápatà kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, mo ra ọkàn màlúù kan, mo tún yá búta tó fi ń ṣe àlùwàlá. Mo gbé wọn gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo bu omi sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lórí ọkàn náà, omi náà sì dúró síbẹ̀ láì ṣàn lọ sísàlẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ti pa dé. Mo wá yí i dojú dé, mo da omi gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn kan náà ṣí, omi kọjá wẹ́rẹ́. Mo ní kí Ìyá Ṣẹ̀yẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Ó tì í bọ̀ ọ́, ó di ojú. Ó wá ní ilẹ̀kùn ni lóòótọ́, ilẹ̀kùn ni. Ọ̀gá Délé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ̀gbà tí wọ́n dé. Wọ́n ní kí n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà di tíṣà. Èmi á fi ọwọ́ ṣe é, Ọ̀gá Délé á fi Gẹ̀ẹ́sì là á yé wọn. Àmọ́ ọkàn màlúù kì í dúró dọ̀la níbi tí iná kì í dúró dọ̀la. Kò sì sí alápatà tó ń ta maikirosikóòpù, tàbí egungun ènìyàn oníróbà tí wọ́n to pọ̀ látorí dé ẹsẹ̀, tàbí wáyà àti gúlóòbù kéékèèké tí ènìyàn fi ń mọ bí iná ṣe ń rìn. Irú wọn ni wọ́n ń gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò, àwọn tiwa ò sì fojú kàn wọ́n rí. Oṣù mẹ́ta ló kù. Ọ̀gá Délé kò lówó rẹ̀. Ẹni tó ní owó nílẹ̀ ní àdúgbò wa ni ẹgbẹ́ onílé, géètì ojú títì ni wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ fún, nítorí àwọn olè.

Alága ẹgbẹ́ náà, Alhaji kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Alága, gba lẹ́tà Ọ̀gá Délé. Wọ́n ní àwọn ò kọ̀, àmọ́ kí a fi hàn wọ́n pé fífọwọ́ ṣe nǹkan yìí ń wọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Kí a dán wọn wò, kí a mú èsì wá. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílé Ọ̀gá Délé, wọ́n gba Iléṣà lọ, wọ́n ní kí n mójú tó o.

Mo mójú tó o. Mo dán wọn wò lórí ọkàn, mo fi ọwọ́ Bàámi gan-an dá wọn lẹ́jọ́, láìfojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Èsì náà jáde, orí mi wú. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé tó mọ́, mo kọ máàkì síwájú orúkọ: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá. Níwájú orúkọ Ìyá Ṣẹ̀yẹ, mo kọ mẹ́rìnlá, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ fún Bàbá Alága fúnra mi, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo sọ fún Bàámi pé ọ̀sẹ̀ mi jẹ́ méjìlá, wọ́n sì gbà á.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Délé padà dé, ìwé yẹn ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, kí la fi ṣẹ̀ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Wọ́n ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ka èsì náà sókè nínú ìpàdé, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì rẹ̀, gbogbo ilé sì ti rẹ́rìn-ín débi pé ẹnìkan nínú wọn ní kí a kúkú máa fi ọkàn màlúù náà jẹun. Mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún! Mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún, tí a tún fa ìlà sí i! Wọ́n ti pinnu pé géètì ni wọn yóò ṣe, ìpàdé tó ń bọ̀ ni wọn yóò fọwọ́ sí i.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbàgbé nílé, èyí ni mi ò mọ̀ pé mo gbé dání. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń kọ "nínú ogún" síwájú máàkì, bí a kì í ti í sọ fún ènìyàn pé omi ló wà nínú kànga. Mo ní, "Nínú ogún ni." Ọ̀gá Délé wá jókòó. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wọn, nítorí mo sọ fún wọn pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí Ìyá Ṣẹ̀yẹ ò ti wá.

Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, àmọ́ mo pe Bàámi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní mò ń lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Alága báyìí. Bàámi ní kí n dúró ná. Wọ́n ní ta ló ni máàkì náà? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún ẹni tó ni ín.

Mo bá Ìyá Ṣẹ̀yẹ níbi tó ti ń fọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀. Kò gbé orí sókè. Látìgbà tí mo ti di tíṣà rẹ̀, ó ti ń fi ẹ̀yin pè mí bó tilẹ̀ jù mí lọ. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin náà ti tán.

Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ọkọ mi ò bá mi jà? Onílé wa sọ fún un, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ì bá sàn kó bá mi jà."

Mo kúnlẹ̀ sínú ọṣẹ tó ti dà sílẹ̀. Mo sọ bí ó ṣe jẹ́: ilé wa, ogún wa, ẹni tó bá gba mẹ́wàá, ẹni tó bá gba méjìlá. Mo sọ ti Bàámi. Ó ń fọ aṣọ lọ ní tirẹ̀, kọ́là kan náà ló ń fọ̀ láti ìgbà tí mo ti kúnlẹ̀.

Ó wá ní, "Mẹ́rìnlá yìí. Ṣé ó dáa nílùú yín?"

Mo ní, "Bàámi ò fún èmi ní mẹ́rìnlá rí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Ọṣẹ ń hó, ó ń fọ́, oòrùn ń tàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó fà mí dìde. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń ta ọkàn yẹn?

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e, abẹ́ ibòòji ọgbà Bàbá Alága ni àwọn onílé jókòó sí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ṣàlàyé ogún, mo ṣàlàyé ọgọ́rùn-ún, Yorùbá mi ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà, àwọn kan ń bo ẹnu. Nígbà tí mo ṣe tán, ọkùnrin kan ní ohun tí ènìyàn bá kọ sínú ìwé ni ìwé máa gbà, pé kí a yí mẹ́rìnlá padà sí ọgọ́rin tó bá wù wá. Géètì ló ṣeé fojú rí. Mo rò ó pé ó ti parí nìyẹn, kí n padà sídìí omi.

Ìyá Ṣẹ̀yẹ dìde. Ó gbé ọkàn màlúù jáde nínú abọ́. Ó béèrè bóyá wọ́n lè bá òun wá omi àti ohun tí òun yóò fi da á. Bàbá Alága na ọwọ́ sẹ́yìn àga wọn, wọ́n gbé búta tiwọn fún un. Ó da omi sókè, omi dúró. Ó da omi gba ìsàlẹ̀, omi kọjá. Kò ka Sáàmù kankan. Yorùbá ló fi ń sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, láìkánjú, bí ẹni pé kò sí olówó kankan níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ń wá géètì kan. Mẹ́rin ló wà láyà yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, wọn ò tíì sùn rí."

Mo rí ọwọ́ tó lọ sí àyà, mo rí òmíràn, kò sẹ́ni tó rán wọn. Bàbá Alága dìde, ẹni tí a mọ̀ pé wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n bi Ìyá Ṣẹ̀yẹ pé ibo gan-an ni àìsàn tàwọn ń gbé. Ó mú ìka wọn, ó fi kan ògiri ọkàn náà lápá òsì, ó ní apá yìí ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo ara, apá yìí ló ń nípọn bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un. Bàbá arúgbó náà dúró bẹ́ẹ̀, ìka wọn nínú ọkàn màlúù, ojú wọn jìnnà. Wọ́n ní ogún ọdún ni dókítà ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún àwọn.

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ tó gbà wá kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọwọ́ tó kọ̀ wá lọ, ọkùnrin oníwèé yẹn sì ń bínú títí di òní. Bàbá Alága ní kí géètì ṣe sùúrù. Wọ́n ní àmọ́ Ìyá Ṣẹ̀yẹ gbọ́dọ̀ máa wá sọ nǹkan kan nípa ara ènìyàn fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Nígbà tí a jáde, mo jókòó sídìí ògiri. Ìyá Ṣẹ̀yẹ ní, "Dìde jàre, àbúrò mi." Kò tún fi ẹ̀yin pè mí mọ́, n kò sì fẹ́ kí ó fi pè mí.

Àwọn nǹkan náà dé nínú páálí. Ọ̀gá Délé gbé egungun oníróbà sójú fèrèsé, nítorí kò sáyè mìíràn. Bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń kọjá ń yí gba òdìkejì títì. Olè kankan ò wá sí ìlà wa mọ́, Bàbá Alága sì ń sọ kiri pé àwọn fi owó géètì ra géètì náà ni.

Maikirosikóòpù ni èmi fẹ́ràn jù. Lọ́sàn-án kan tí gbogbo ènìyàn ti lọ, mo bó awọ alùbọ́sà tó fẹ́lẹ́, mo fi sí abẹ́ rẹ̀. Mo rí ilé. Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ògiri kan láàárín méjì, kò sí ojúde, kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà kọjá. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ohun dúdú bíńtín kan dá jókòó. Mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí. Mo rò nípa gbogbo àwa tí a háyà yàrá kan láti Àgbàdo títí dé Ìkòtún, ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́, ẹni tó wá láti Ìjẹ̀ṣà, èmi Kútọnu, tí olúkúlùkù jókòó sínú tirẹ̀ tó rò pé òun nìkan ni. Bẹ́ẹ̀, awọ kan ṣoṣo ni. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sunkún. Bóyá alùbọ́sà ni.

Wọ́n ní bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Èmi ti dé oko ẹlòmíràn. Mi ò lè sọ pé ó tóbi ju ti bàbá mi lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ń lọ lójú títì báyìí, tí wọ́n pè mí ní Àǹtí Kútọnu, mo máa ń dáhùn kí n tó rántí pé kì í ṣe orúkọ mi.

Ìdánwò dé, ó lọ. Ọjọ́ tí èsì jáde, mò ń fi aṣọ nu egungun lójú fèrèsé nígbà tí mo rí Ìyá Ṣẹ̀yẹ tó ń bọ̀ láti òpin títì. Kò sáré, ó ń rìn bí ẹni tó gbé omi rù tí kò fẹ́ kó dànù. Ó gun òkè wá, ó fi fóònù hàn mí: méjìdínláàádọ́rin. Ó ti yege. Ó dì mọ́ mi, egungun náà ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó pẹ́ kí ó tó nu ojú rẹ̀. Ó ní òun ti ṣírò rẹ̀ bọ̀ lọ́nà, mẹ́tàlá àti díẹ̀ ni ní tiwa, pé a jẹ́ pé mo fi díẹ̀ lé e fún òun nígbà yẹn. Ó ní mo láàánú ju bàbá mi lọ. Ẹ̀rín pa mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, Bàámi pè. Afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́, aṣọ orí okùn ń fò sókè sódò. Mo sọ ti Ìyá Ṣẹ̀yẹ fún wọn, mo sọ pé ó ti fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ han ilé ìwé wọn, àti pé ọkọ rẹ̀ se ìrẹsì. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tèmi ńkọ́, mélòó?

Mo ní, "Ọgọ́rin."

Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tọ̀dọ̀ wọn, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé mi ò gbàgbé ilé, pé ẹnu mi ló yọ̀.

Bàámi ní, "Pín in sí márùn-ún fún mi, kí n lè mọ ibi tí o wà."

Mo pín in. Mo ní, "Mẹ́rìndínlógún ni, Bàámi."

Máàkì ìyá mi nìyẹn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìgándò, ẹ̀kán ńláńlá, mo sì dúró sínú rẹ̀ tí mò ń retí kí wọ́n sọ pé àwọn ò gbọ́ mẹ́rìndínlógún kankan nínú ohùn mi.

Wọ́n ní, "Òjò ló ń rọ̀ yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo gbọ́ ìró bírò wọn lórí ìwé.